"Kó" àti "Kọ́": Àtúngbéyẹ̀wò Àfiwé Àjàkálẹ̀ Àrùn Nínú The Tipping Point

1. Ìfáárà

Kò sí ọdún kan tí a kì í gbọ́ ọ, yálà nínú ìwé ìròyìn tàbí lẹ́nu àwọn aláṣẹ, pé ìwà kan ti di àjàkálẹ̀ àrùn láàárín àwọn ọ̀dọ́. Bí kì í bá ṣe olè jíjà, yóò jẹ́ ẹgbẹ́ òkùnkùn; bí kì í bá ṣe ẹgbẹ́ òkùnkùn, yóò jẹ́ oògùn olóró. Ọ̀rọ̀ náà ti mọ́ wa lẹ́nu débi pé a kì í kà á sí àfiwé mọ́. Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú bébà yìí ni láti dá a padà sí ipò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́, kí a sì wo ohun tí ó ń fi hàn wá àti ohun tí ó ń fi pamọ́ fún wa.

Ìwé tí a ó gbé iṣẹ́ yìí lé lórí ni The Tipping Point, tí Malcolm Gladwell, akọ̀ròyìn ọmọ Kánádà tí a bí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ̀ jáde ní ọdún 2000. Kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ ronú kan ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 1957 ni Morton Grodzins ti kọ nípa bí àwọn aláwọ̀ funfun ṣe ń kó kúrò ní àdúgbò lẹ́ẹ̀kan náà tí iye àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó wọ ibẹ̀ bá ti dé ìwọ̀n kan. Thomas Schelling fi ìṣirò tì í lẹ́yìn ní ọdún 1971. Jonathan Crane sì gbé e dé ibi tí a ń wò yìí ní ọdún 1991. Ṣùgbọ́n Gladwell ni ó gbé èrò náà kúrò lábẹ́ àga àwọn ọ̀mọ̀wé bọ́ sí ìta gbangba, ọ̀nà tí ó sì gbà ṣe é ni ìtàn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá gan-an nìyí. Ẹnìkan lè béèrè ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ Yorùbá ń wá nínú ìwé tí ó dá lórí bàtà, ìwà ọ̀daràn àti ọkọ̀ ojú irin ní Amẹ́ríkà. Ìdáhùn wa ni pé orí ìtàn ni gbogbo àríyànjiyàn inú ìwé náà dúró lé, lámèyítọ́ sì ni ó ni iṣẹ́ wíwo bí ìtàn ṣe ń yí ènìyàn lọ́kàn padà. Yàtọ̀ sí èyí, èdè wa ya àwọn nǹkan kan sọ́tọ̀ tí èdè tí a fi kọ ìwé náà dà pọ̀.

2. "Kó" àti "kọ́"

Bí àrùn bá wọ ènìyàn lára, Yorùbá a máa sọ pé ó kó àrùn, tàbí pé ẹnìkan ni ó kó o ràn án. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá ká sìgá mọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ohun tí yóò bi í ni pé, "Ibo ni o ti kọ́ ọ?" Kò ní í sọ pé, "Ibo ni o ti kó o?" Àmì ohùn orí ọ̀rọ̀ méjèèjì kò yàtọ̀, àmì ìsàlẹ̀ fáwẹ̀lì nìkan ni ó yà wọ́n. Síbẹ̀ ìyàtọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Ẹni tí ó kó àrùn lè máà mọ ìgbà tí ó wọlé tọ̀ ọ́, kò sì sí ẹni tí ó gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó kọ́ ìwà ní ojú tí ó fi wò ó, ó ní ọkàn tí ó fi gbà á, ó sì ní olùkọ́, ìbáà jẹ́ olùkọ́ náà kò mọ̀ pé òun ń kọ́ni.

A kò gbọdọ̀ sọ àsọdùn o. Yorùbá náà a máa sọ pé kí ọmọ má ṣe jẹ́ kí ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́ kó èèràn ran òun. A sì ní òwe pé àgùntàn tí ó bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Nítorí náà àfiwé àrùn kì í ṣe àjèjì sí wa. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣọ́ bí àwọn àgbà ṣe ń lò ó, a ó rí i pé ìkìlọ̀ ni wọ́n ń fi í ṣe, kí ọ̀ràn tó ṣẹlẹ̀. Bí ọ̀ràn bá ti ṣẹlẹ̀ tán, tí ó ku ìbáwí àti àtúnṣe, "kọ́" ni wọ́n ń padà sí. Ẹni tí ó kọ́ ìwà ni a lè bá wí; ẹni tí ó kó àrùn, a ó kàn tọ́jú rẹ̀ ni, tàbí kí a yẹra fún un.

3. Ohun tí ìwé náà sọ

Gladwell bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bàtà kan tí ń jẹ́ Hush Puppies. Ní ọdún 1994, kò ju nǹkan bí 30,000 lọ tí wọ́n ń tà lọ́dún, ilé iṣẹ́ tí ń ṣe é sì ti ń rò ó bóyá kí àwọn pa á tì. Ní ọdún 1995, wọ́n ta 430,000. Àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ ní New York ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ nítorí pé ẹlòmíràn kò wọ̀ ọ́. Láti orí bàtà ni ó ti fò sórí ìpànìyàn: ní ọdún 1992, ènìyàn 2,154 ni wọ́n pa ní New York, ṣùgbọ́n kí ọdún márùn-ún tó pé, iye náà ti wálẹ̀ sí 770. Ó ní ohun kan náà ni ó ṣẹlẹ̀ níhà méjèèjì. Ìwà a máa ràn bí àrùn. Ohun kékeré a máa bí ohun ńlá. Ìyípadà náà kì í sì í rọra wá, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òṣùwọ̀n ń tẹ̀ sápá kan.

Ó wá fi òfin mẹ́ta lélẹ̀. Èkíní ni pé àwọn ènìyàn díẹ̀ tí wọ́n mọ èrò púpọ̀ ni wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ káàkiri. Èkejì ni pé ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ń lẹ̀ mọ́ni lọ́kàn. Ẹ̀kẹta ni agbára àyíká. Òfin méjì àkọ́kọ́ kò ní í dá wa dúró. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rí bí aṣọ ẹbí tuntun ṣe ń gba ìlú kan kò nílò ìwé láti gbà wọ́n gbọ́. Ìkẹta ni ó ní ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́, a ó sì padà sí i.

Ó yẹ kí a yin ìwé náà níbi tí ìyìn ti tọ́ sí i. Kí ó tó dé, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Amẹ́ríkà ń sọ nípa ọ̀dọ́ ọ̀daràn ni pé bí a ti bí i nìyẹn. Gladwell kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ibi tí ènìyàn wà àti àwọn tí ó yí i ká ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ ju bí a ti rò lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ bu ẹnu àtẹ́ lu ìwé yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún un ní èyí.

4. Òwe mẹ́ta

Àléébù ìwé náà, lójú tiwa, ni pé òwe kan ṣoṣo ni ó mọ̀, òwe àgùntàn àti ajá. Yorùbá ní méjì mìíràn tí ó yẹ kí a pa tẹ̀ lé e. Ẹgbẹ́ ẹja ni ẹja ń wẹ̀ tọ̀, ẹgbẹ́ ẹyẹ ni ẹyẹ ń wọ́ tọ̀. Bí a bá rí ẹyẹ méjì tí ìyẹ́ wọn bára mu lórí igi kan, kì í ṣe pé ọ̀kan ni ó kó ìyẹ́ ran èkejì. Nítorí pé wọ́n jọra ni wọ́n ṣe bà papọ̀. Èkejì ni pé òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni tí eji bá rí ni eji ń pa. Bí gbogbo èrò ọjà bá tutù wìnnìwìnnì, aláìmọ̀kan ni yóò sọ pé ọ̀kan ni ó kó omi ran àwọn yòókù.

Ìyàtọ̀ láàárín òwe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dá àwọn onímọ̀ ìṣirò láàmú gidigidi. Ní ọdún 2007, Nicholas Christakis àti James Fowler tẹ ìwádìí kan jáde lórí ènìyàn 12,067 tí a fi ọdún 32 ṣọ́, láti 1971 sí 2003, nínú ìwádìí àrùn ọkàn tí a ń ṣe ní ìlú Framingham ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní bí ọ̀rẹ́ ẹnìkan bá sanra jù, ó ṣeé ṣe kí òun náà sanra jù ní ìdá 57 nínú ọgọ́rùn-ún ju bí ì bá ti rí lọ. Ariwo náà gba ayé kan pé sísanra jù ń ràn. Ní ọdún kejì rẹ̀, Ethan Cohen-Cole àti Jason Fletcher mú irú ọ̀nà ìṣirò kan náà, wọ́n fi wo irorẹ́, orí fífọ́, àti gíga láàárín àwọn ọ̀dọ́. Ìṣirò náà jẹ́rìí pé gbogbo wọn ń ràn. Gíga! Ṣé a wá lè sọ pé ọmọ tí ó bá bá ẹni gíga ṣọ̀rẹ́ yóò ga sí i? Ohun tí àwọn méjèèjì fi hàn kì í ṣe pé ọ̀rẹ́ kì í ran ọ̀rẹ́ rárá. Ohun tí wọ́n fi hàn ni pé ẹni tí ó bá wá àgùntàn lọ, tí kò yẹ ẹyẹ àti òjò wò, yóò rí àgùntàn níbi gbogbo.

Ẹ jẹ́ kí a wo Crane pẹ̀lú ojú yìí, nítorí pé Gladwell gba iṣẹ́ rẹ̀ wọlé láìyẹ̀ ẹ́ wò. Crane rí i pé ní àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú, bí iye àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ ọ̀gá, bí i olùkọ́ àti alábòójútó, bá wálẹ̀ láti ìdá 5.6 sí 3.4 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn ọmọ tí ń fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ a máa pọ̀ ju ìlọ́po méjì lọ, àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tí ń bímọ a sì máa fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ìtumọ̀ tí a fún un ni pé àwọn ọmọ kò rí àwòkọ́ṣe rere mọ́, èyí tí ó burú sì ràn wọ́n. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá kó kúrò ní àdúgbò, ṣé ìwà rẹ̀ nìkan ni ó kó lọ? Ó kó owó tí ó ń ná lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò lọ. Ó kó ẹnu tí ó fi ń bá àwọn aláṣẹ sọ̀rọ̀ nítorí ilé ẹ̀kọ́ lọ. Ó kó ẹni tí ó lè sọ fún ọmọ aládùúgbò pé "wá, iṣẹ́ wà níbi kan" lọ. Ohun tí ó mú kí òun alára kó lọ sì lè jẹ́ ohun kan náà tí ń ba ayé àwọn ọmọ náà jẹ́. Àwọn tí wọ́n kù sẹ́yìn wà nínú òjò, ẹni tí ń wò wọ́n láti òkèèrè wá ń pè wọ́n ní aláìsàn.

5. Ìwà gẹ́gẹ́ bí àrokò

Orí ìwé tí ó wú wa lórí jù ni èyí tí ó kan àwọn erékùṣù Micronesia ní òkun Pàsífíìkì. Níbẹ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tí ń gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Kí àwọn ọdún 1980 tó parí, iye àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń ṣe bẹ́ẹ̀ ti tó 160 nínú 100,000, nígbà tí ti Amẹ́ríkà jẹ́ nǹkan bí 22. Gladwell gbé ara lé iṣẹ́ Donald Rubinstein, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá, tí ó ṣàkíyèsí pé ìtàn kan náà ni ó ń tún ara rẹ̀ sọ: ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń gbé nílé àwọn òbí rẹ̀, ìjà kékeré kan láàárín òun àti wọn tàbí òun àti olólùfẹ́ rẹ̀, ìbínú tí a kò lè sọ jáde.

Gladwell pe èyí ní àrùn. Àwa ka ìtàn kan náà, àrokò ni a rí. Ẹni tí a bá fi àrokò ránṣẹ́ sí gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ẹyọ owó méjì tí a kọ ẹ̀yìn wọn síra ń sọ. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹyọ owó lásán ni. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wọ̀nyí gbé nínú àwùjọ tí ọmọ kì í ti í gbé ohùn sókè sí bàbá rẹ̀. Nígbà tí àwọn kan ti fi ikú sọ ohun tí ẹnu kò gbọdọ̀ sọ, tí gbogbo ìlú sì ti lóye rẹ̀, ìwà náà di ọ̀rọ̀ tí àwọn yòókù lè yá lò. Kòkòrò àrùn kì í ní ìtumọ̀, kò sì bìkítà bí ẹni tí ó wọ̀ lóye rẹ̀ tàbí kò lóye rẹ̀. Ìwà bí èyí kò lè kọjá sára ẹni tí kò gbọ́ èdè rẹ̀. Gladwell alára fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i, nítorí ó sọ pé àwọn tí ó ṣáájú fún àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn ní àyè láti ṣe é. Ṣùgbọ́n àrùn kì í fúnni ní àyè; ènìyàn ni ń gba àyè lọ́wọ́ ènìyàn. Ó gbé gbólóhùn náà kalẹ̀, ó sì kọjá lọ sórí sìgá mímu bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí jẹ àwa tí ń kọ́ nípa lítíréṣọ̀ lógún, nítorí pé wọ́n ti fi irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ kan ìwé ìtàn rí. Nígbà tí Goethe tẹ ìtàn Werther jáde ní ọdún 1774, wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ ń kú bí akọni inú ìwé náà ti kú, a sì fòfin dè é ní ìlú Leipzig. Igba ọdún lẹ́yìn náà, ní 1974, David Phillips fi orúkọ Werther pe ohun tí òun fi ìṣirò rí: bí ìwé ìròyìn bá gbé irú ikú bẹ́ẹ̀ sí ojú ewé àkọ́kọ́, irú rẹ̀ a máa pọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì parí síbẹ̀. Ní ọdún 2010, ìwádìí tí Thomas Niederkrotenthaler àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní ilẹ̀ Austria fi hàn pé ìròyìn nípa ẹni tí ó rí ìṣòro, tí ó rò ó láti kú, tí ó sì borí rẹ̀, a máa bá ìdínkù irú ikú bẹ́ẹ̀ rìn. Inú eré olórin tí Mozart ṣe ní ọdún 1791 ni wọ́n ti mú Papageno, ẹni tí àwọn ọmọdé mẹ́ta dá lẹ́kun, láti fi sọ ohun tí wọ́n rí lórúkọ. Ìtàn kan ń tini síwájú, ìtàn mìíràn ń dáni dúró. Ohun tí ìtàn náà sọ ni ó yà wọ́n, kì í ṣe bí ó ti tàn kálẹ̀ tó. Àfiwé tí kò ní àyè fún ìtumọ̀ kò lè ṣàlàyé èyí.

6. Fèrèsé àti àwọn ọmọ ẹni

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí òfin kẹta. Gladwell gbé agbára àyíká ka orí àpilẹ̀kọ kan tí James Q. Wilson àti George Kelling tẹ̀ jáde ní oṣù Kẹta ọdún 1982, tí ó sọ pé bí fèrèsé kan bá fọ́ tí a kò tún un ṣe, àwọn yòókù yóò fọ́ láìpẹ́. Pé ìwà àìtọ́ kékeré ni ó ń ran ìwà ọ̀daràn ńlá. Ó ròyìn bí a ṣe fọ ọ̀dà kúrò lára àwọn ọkọ̀ ojú irin New York, àti bí William Bratton, ọ̀gá ọlọ́pàá, ṣe ń mú àwọn tí kò sanwó ọkọ̀. Ó ní èyí ni ó mú kí òṣùwọ̀n tẹ̀. Ohun tí kò fún ní àyè tó nínú ìtàn náà ni pé ìwà ọ̀daràn ń dín kù ní ọ̀pọ̀ ìlú Amẹ́ríkà mìíràn ní àsìkò kan náà, àti àwọn tí kò ní irú ọlọ́pàá bẹ́ẹ̀. Òjò ti ń dá ní gbogbo agbègbè. New York nìkan ni ó ní ẹni tí ó sọ pé agbòjò òun ni ó dá a dúró.

Bí ó bá jẹ́ pé àṣìṣe orí ìwé lásán ni, a kì bá tí fi àkókò yín ṣòfò. Ṣùgbọ́n bí a bá ti gbà pé ìwà ọ̀daràn jẹ́ àrùn, ó di dandan kí ẹnìkan di kòkòrò àrùn náà. Ní New York, dídá ènìyàn dúró láti yẹ ara rẹ̀ wò di iṣẹ́ òòjọ́ àwọn ọlọ́pàá. Ní ọdún 2011 nìkan, wọ́n ṣe é ní ìgbà 685,724. Ó lé ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá àwọn tí wọ́n dá dúró tí ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú tàbí ẹ̀yà Látínò, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá tí wọ́n kò rí ohunkóhun mú lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2013, Adájọ́ Shira Scheindlin dá a lẹ́jọ́ pé ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ṣe é lòdì sí òfin ilẹ̀ náà. Ní ọdún 2014, iye náà ti wálẹ̀ kọjá 50,000. Àwọn tí wọ́n ti ń kìlọ̀ pé ìpànìyàn yóò tún gbilẹ̀ dúró títí: ènìyàn 515 ni wọ́n pa ní ọdún 2011, ní ọdún 2017 ó jẹ́ 292.

Gladwell kò sá fún èyí. Ní ọdún 2024, ọdún tí ó tẹ ìwé kejì jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó dúró níwájú àwùjọ, ó sì jẹ́wọ́ pé òun ṣìnà lórí ọ̀rọ̀ fèrèsé fífọ́ àti ohun tí ó tẹ̀ lé e. A bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ohun tí ó tọrọ gáfárà fún ni àpẹẹrẹ; kò tọrọ gáfárà fún àfiwé. Àjàkálẹ̀ àrùn ṣì ni ìwé kejì fi ń sọ̀rọ̀.

Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀ràn Amẹ́ríkà nìkan ni èyí kò rántí oṣù Kẹwàá ọdún 2020. Nílẹ̀ yìí, a ti gbà láàárín ara wa pé jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì ti di àjàkálẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́, pé ó ń ràn láti ilé dé ilé. Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni pé irun dídì, kọ̀ǹpútà inú báàgì, tàbí fóònù olówó iyebíye di àmì àrùn lójú àwọn ọlọ́pàá SARS. Nínú oṣù Kẹfà ọdún náà, Amnesty International to ìṣẹ̀lẹ̀ 82 ìdálóró, ìlòkulò àti ìpànìyàn lọ́wọ́ ẹ̀ka ọlọ́pàá yìí jọ, láti oṣù Kìíní 2017 sí oṣù Karùn-ún 2020. Kí ìjọba tó tú u ká ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá, àwọn ọ̀dọ́ ti kún ìgboro. Ìyá tí ń bi ọmọ rẹ̀ pé "ibo ni o ti kọ́ ọ" gbà pé ọmọ náà ní ẹnu láti dáhùn. Ẹni tí ó ya fóònù gbà lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ lójú títì kò retí ìdáhùn kankan.

7. Chicago

Ó ku ẹ̀rí kan tí ó dà bí ẹni pé ó tako wa, a kò sì fẹ́ fi í pamọ́. Gary Slutkin jẹ́ dókítà tí ó ti bá kọ́lẹ́rà jà ní àgọ́ àwọn olùwá-ibi-ìsádi ní Sòmálíà, tí ó sì ti ṣiṣẹ́ lórí àrùn éèdì ní Uganda. Nígbà tí ó padà sí Chicago, ó wo àwòrán ilẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń yìnbọn pa ara wọn, ó ní ó jọ àwòrán kọ́lẹ́rà. Ní ọdún 2000, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní àdúgbò West Garfield Park, èyí tí a wá mọ̀ sí Cure Violence. Òun náà sọ pé ìwà ipá jẹ́ àrùn tí ń ràn, kò sì sọ ọ́ bí àfiwé. Ó ní àrùn gidi ni.

Síbẹ̀ ẹ wo ohun tí ó ṣe. Kò rán ọlọ́pàá jáde. Ó gba àwọn tí wọ́n ti wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìta rí, tí ọ̀pọ̀ wọn ti ṣẹ̀wọ̀n, ó ní kí wọ́n máa wọ àárín ìjà kí ó tó di ìbọn. Steve James ya fíìmù nípa wọn ní ọdún 2011, The Interrupters. Ìwádìí lórí iṣẹ́ náà kò fẹnu kò: ó dín ìyìnbọn kù ní àwọn àdúgbò kan, kò sì hàn gbangba ní àwọn mìíràn. A kò fi fíìmù ṣe ẹ̀rí lórí èyí. Ohun tí a fi í ṣe ẹ̀rí lé lórí ni irú iṣẹ́ tí iṣẹ́ náà jẹ́. Wọn kò fún ẹnikẹ́ni ní abẹ́rẹ́. Wọ́n jókòó ti ọ̀dọ́ tí inú ń bí, wọ́n béèrè ohun tí wọ́n sọ sí i, wọ́n jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán, wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n gbé e lọ jẹun kí òru tó ṣú. Ohun tí ó sì jẹ́ kí ó gbọ́ tiwọn ni pé wọ́n ti kọ́ ohun tí òun náà kọ́, ní àdúgbò kan náà, lọ́wọ́ irú olùkọ́ kan náà. Slutkin lo èdè "kó" láti fi gba owó lọ́wọ́ ìjọba àti láti fi ọ̀rọ̀ náà sábẹ́ iṣẹ́ ìlera. Ṣùgbọ́n inú "kọ́" ni àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ títí di òru. Nílùú tiwa, onílàjà ni à bá pè wọ́n.